Mo fẹ́ ta mọ́tò ìjàpá bàbá mi fún ará òkè òkun. Èwo nínú àwọn méjì yìí ni kí n dá lóhùn?

Àdùkẹ́_Oníjàpá:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa mọ́tò àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó ṣe àṣìṣe.

Volkswagen ìjàpá ti ọdún 1967 ni. Bàbá mi ló ni ín, wọ́n sì ti di olóògbé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ o. Tí mo bá ti sítáàtì ẹ̀ láàárọ̀, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀ pé mo ti jí. Àmọ́ mi ò lágbára àtitọ́jú ẹ̀ mọ́, àwọn àbúrò mi ò sì bìkítà. Mo gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn méjì ló wá dúró ti ọ̀rọ̀ náà, òkè òkun sì ni àwọn méjèèjì wà.

Ẹni àkọ́kọ́ kọ̀wé sí mi kí wákàtí kan tó pé. Ó ní ẹnjiníà ni òun, pé ibi tí wọ́n ti ń wa epo láàrin agbami òkun lòún ti ń ṣiṣẹ́, torí náà òun ò lè wá wo mọ́tò. Kò ná an rárá. Kò béèrè fọ́tò kankan yàtọ̀ sí èyí tí mo ti gbé síta. Ó ní òun máa fi sọ̀wédowó ránṣẹ́, pé owó tó máa wà nínú ẹ̀ á ju iye tí mo pè é lọ, kí n yọ tèmi, kí n wá fi ìyókù ránṣẹ́ sí ẹjẹ́ǹtì tó máa wá gbé mọ́tò. Ó tiẹ̀ ṣàdúrà fún bàbá mi.

Ẹnì kejì, bàbá àgbàlagbà kan ni, ní Jámánì. Ẹ̀yin ará, bàbá yìí ti fi ìbéèrè pa mí! Ó fẹ́ rí abẹ́ mọ́tò. Ó fẹ́ fídíò bí mo ṣe ń sítáàtì ẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ó fẹ́ rí nọ́mbà ṣásì, ó ní abẹ́ àga ẹ̀yìn ló wà, lára irin àárín. Ó fẹ́ rí nọ́mbà ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ó tún gé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kúrò nínú owó mi. Inú bí mi. Ṣé mo jọ olè ni?

Lánàá mo fi ìbínú gbé àga ẹ̀yìn yẹn kúrò. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ló gbé mi wá síbí. Nọ́mbà ṣásì wà níbẹ̀ lóòótọ́, 117 ló fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bátìrì jókòó sí, ìpẹtà ti jẹ irin. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka mi wọlé, mo sì ń wo ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láti inú mọ́tò. Nọ́mbà ẹ́ńjìnnì ní tiẹ̀, AD ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo wá rántí pé bàbá mi pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì nígbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì dá bàbá Jámánì yẹn lóhùn.

Kí n má parọ́, ọkàn mi ti ń fà sí ẹnjiníà. Ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ:

Àǹtí mi, ẹ sá fún ẹnjiníà yẹn bí ẹni sá fún ejò! Mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo fẹ́ ta alùpùpù mi, sójà ló pe ara ẹ̀ nígbà yẹn, àmọ́ àdúrà kan náà ló gbà fún mi. Ìjàpá tẹ́ ẹ fẹ́ tà kọ́ ló gbọ́n o, ẹni tó fẹ́ rà á ni.

Bàbá_Onídísù:

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú àṣẹ̀yìndè bàbá.

Èmi náà ti ta mọ́tò sókè òkun rí, Mercedes W123, 300D oní-dísù, nítorí náà jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé. Sọ̀wédowó ẹnjiníà yẹn, báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Wàá gbé e lọ sí báńkì. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, owó lè hàn nínú àkáǹtì rẹ, o máa rí i lórí fóònù rẹ, o máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n pé owó hàn kò túmọ̀ sí pé báńkì tó ni ìwé náà ti san án. Báńkì tìrẹ kàn yá ọ lówó ni. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó sọ pé ayédèrú ni. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n á yọ owó wọn tán pátápátá. Èyí tí o ti fi ránṣẹ́ sí "ẹjẹ́ǹtì" ńkọ́? Owó tìrẹ gan-an nìyẹn, ó sì ti lọ. Wọn ò tiẹ̀ nílò mọ́tò rẹ, owó ìyókù yẹn ni wọ́n ń wá. Ìdí nìyẹn tí kò fi béèrè fọ́tò. Kí ló fẹ́ fi fọ́tò ṣe?

Bàbá tó ń bí ọ nínú yẹn, òun lẹni tó fẹ́ ra mọ́tò. Gbogbo ohun tó ń béèrè ló nídìí. 117 tí o rí yẹn dára gan-an: 11 ni irú mọ́tò, 7 sì dúró fún 1967. Nọ́mbà mẹ́sàn-án péré ló máa jẹ́. Má jẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́ tí fọ́ọ̀mù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá ní kò pé, pé àfi kó jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Àwọn ọdún 1980 ni mẹ́tàdínlógún yẹn gbilẹ̀, ìjàpá rẹ ti ń rìn lójú títì kí wọ́n tó ronú kàn án. Ilé àkójọ mọ́tò Volkswagen tó wà ní Wolfsburg máa ń fi nọ́mbà ṣásì wo ìwé wọn, wọ́n á sì ṣe ìwé ẹ̀rí ìbí fún mọ́tò, tí èèyàn bá sanwó ẹ̀. Ará Jámánì kan tó ń wá ìjàpá á mọ̀ nípa ìyẹn.

AD ní tiẹ̀, ẹ́ńjìnnì 1600 ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni. Kò lè jẹ́ èyí tó bá mọ́tò 1967 wá sáyé. Sọ fún un. Ìpẹtà bátìrì náà, ya fọ́tò ẹ̀ kí o fi ìka rẹ sínú ihò kó rí bó ṣe tóbi tó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí nìkan ni mo ń sọ o. Ní Jámánì, mọ́tò tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́, tó sì wà bí wọ́n ṣe ṣe é, lè wọlé láìsan owó ibodè, kó sì san owó orí 7% dípò 19%. Mọ́tò lásán máa kọ́kọ́ san 10% ní ibodè ná, kí 19% tó wá hàn. Ṣásì, sítíárì, bùréèkì àti ẹ́ńjìnnì sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń wò láti mọ̀ bóyá a ti yí mọ́tò padà. Tí o bá fi ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì pamọ́, èbúté ló ti máa bá a, lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, lẹ́yìn tó ti sanwó fún ọ. Ta ló máa wá bá jà?

Ohun tó ṣe èmi náà rèé, kí o lè mọ̀ pé àgbà náà ń ṣubú. Owó mi pé, mọ́tò lọ, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àṣé orúkọ mi ni ẹjẹ́ǹtì kọ sínú ìwé ẹrù gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́. Ẹni tó ra mọ́tò dùbúlẹ̀ àìsàn, kò rí i gbé ní èbúté. Kọ̀ǹtéénà jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n wá ń fi gbèsè ìdúró ránṣẹ́ sí mi. Sí èmi! Ó san án nígbẹ̀yìn, èèyàn dáadáa ni, àmọ́ oṣù yẹn ni irun mi funfun tán.

Akọ̀wé_Èbúté:

Ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ kẹ́yìn yìí, iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n fi kún un.

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ kí bàbá Jámánì fúnra ẹ̀ wá ẹjẹ́ǹtì, kí òun sì sanwó ọkọ̀ ojú omi. Tiyín ni pé kẹ́ ẹ fa mọ́tò lé ẹjẹ́ǹtì yẹn lọ́wọ́ níbi tẹ́ ẹ bá jọ fẹnu kò sí, pẹ̀lú ìwé tó yẹ láti gbé e jáde. FCA ni a ń pe irú àdéhùn yẹn. Tó bá ní FOB ni òún fẹ́, ẹ sọ fún un pé FOB kò bá kọ̀ǹtéénà mu. Ní FOB, ẹ̀yin lẹ ni ewu mọ́tò títí wọ́n fi máa gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹtéénà lè ti wà lọ́wọ́ àwọn ará èbúté fún ọjọ́ púpọ̀ ṣáájú ìyẹn, níbi tẹ́ ò lè dé. Tó bá sì ní EXW, pé kẹ́ ẹ kàn ṣí ilẹ̀kùn kí òun gbé e, iṣẹ́ ìwé ìkójáde á já lé e léjìká ní ilẹ̀ tí kò mọ̀, ọwọ́ yín ló sì máa padà sí.

Lórí ìwé ẹrù, èyí tí à ń pè ní bill of lading: mẹ́ta ni ojúlówó ẹ̀ sábà máa ń jẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn sì tó láti gba mọ́tò ní èbúté. Èèyàn kan lè wá bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi ọ̀kan péré ránṣẹ́ "kí òun lè fi yẹ̀ ẹ́ wò", pé méjì ṣì wà lọ́wọ́ yín. Méjì tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ti di bébà lásán lọ́jọ́ tó bá fi ọ̀kan yẹn gba ẹrù. Tí owó ò bá tíì pé, ẹ̀dà tẹ́ ẹ fi fóònù yà ni kó máa wò.

Kọ̀ǹtéénà onífíìtì ogún gba ìjàpá dáadáa, inú ẹ̀ gùn ní nǹkan bíi mítà 5.9, ìjàpá ò ju mítà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń yan ọkọ̀ RoRo, èyí tí wọ́n ń wa mọ́tò wọ̀ tààrà, torí ó sábà máa ń dín lówó. Mi ò kórìíra ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ mọ́tò àtijọ́ á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò wa irú ẹ̀ rí, mo sì ti rí ohun tí wọ́n fi jíà àwọn mọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣe. Èyí tó wù kí ẹ lò, epo inú táǹkì gbọ́dọ̀ kéré, kí ẹ má sì fi ẹrù kankan sínú bọ́ọ̀tù. Tí wọ́n bá fi igi di táyà mú nínú kọ̀ǹtéénà, kí igi náà ní òǹtẹ̀ ISPM 15 pé wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú ẹ̀.

Inṣọ́ránsì. Ní oṣù kejì 2022, ọkọ̀ Felicity Ace gbiná nítòsí erékùṣù Azores pẹ̀lú mọ́tò bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin nínú, ó sì rì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Ìyẹn yé gbogbo èèyàn. Èyí tí kì í yé wọn ni ti ọkọ̀ Ever Given tó há sínú ipa omi Suez ní Íjíbítì ní oṣù kẹta 2021. Ẹrù inú ẹ̀ ò ṣòfò, àmọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ kéde general average, ìyẹn ni pé gbogbo ẹni tó ní ẹrù nínú ẹ̀ ló máa dá sí owó tí wọ́n fi gba ọkọ̀ náà sílẹ̀, kí wọ́n tó lè rí ẹrù wọn gbà. Ẹni tó ní inṣọ́ránsì, ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì ló bá a dá sí i. Ẹni tí kò ní, àpò ara ẹ̀ ló kì bọ̀. Nítorí náà kí bàbá yẹn ra inṣọ́ránsì òkun, kó sì fi ìwé ẹ̀ hàn yín kí mọ́tò tó kúrò.

Tólú_Akáǹtì:

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ letter of credit? Báńkì rẹ̀ á ṣèlérí fún báńkì yín pé tí ìwé bá ti pé, owó dé. Kò sí ìyọlẹ́nu. Tàbí kẹ́ ẹ lo escrow, kí ẹlòmíràn di owó mú láàrin yín.

Bàbá_Onídísù:

Tólú, fún ìjàpá kan ṣoṣo? Letter of credit dára fún ẹni tó ń kó ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù kòkó. Báńkì kì í wo ẹrù, ìwé ni wọ́n ń wò. Tí nọ́mbà ṣásì bá fi ẹyọ kan yàtọ̀ láàrin ìwé méjì, wọ́n lè ní ìwé ò pé, kí owó dúró. Fún ẹni tó ń ta mọ́tò lẹ́ẹ̀kan láyé ẹ̀, ó lágbára jù.

Escrow, mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn, tó bá jẹ́ pé Àdùkẹ́ ló fúnra ẹ̀ wá ilé iṣẹ́ náà rí, tó sì tẹ orúkọ wọn fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ ra ọjà ló fi líǹkì ránṣẹ́, kó má tẹ̀ ẹ́. Àwọn ayédèrú escrow pọ̀ gan-an, wọ́n sì lè rẹwà ju ojúlówó lọ.

Báńkì sí báńkì lèmi fọwọ́ sí. Àsansílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí onímọ̀ mọ́tò bá ti wá yẹ̀ ẹ́ wò (kí ẹni tó fẹ́ rà á ló rán an, kó sì sanwó ẹ̀), ìyókù kí mọ́tò tó kúrò lọ́gbà. Ìwé báńkì tó bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé òun ti sanwó, ọmọdé lè ya irú ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Pe báńkì rẹ, nọ́mbà tó wà lẹ́yìn káàdì rẹ ni kí o fi pè wọ́n, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì. Ṣí àkáǹtì tuntun tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀ fún owó yìí nìkan. Nọ́mbà àkáǹtì yẹn, kà á fún un lójúkojú lórí fídíò, kó kà á padà fún ọ. Àwọn olè máa ń wọ inú ímeèlì èèyàn jókòó, tó bá ku ọ̀la tí owó máa wọlé, wọ́n á fi nọ́mbà tiwọn rọ́pò tìrẹ.

Àdùkẹ́_Oníjàpá:

Ẹ̀yin ará, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ má bínú pé mo dákẹ́.

Mo kọ̀wé sí ẹnjiníà pé kó fi iye tí mo pè é gan-an ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì, kò gbọ́dọ̀ lé. Ó bínú. Ó ní mo fojú olè wo òun. Lọ́jọ́ kejì, "ẹjẹ́ǹtì" fúnra ẹ̀ kọ̀wé, àṣìṣe ìkọ̀wé tó wà nínú tiẹ̀ ló wà nínú ti ọ̀gá ẹ̀. Àdúrà bàbá mi parí síbẹ̀.

Mo fi gbogbo fọ́tò ránṣẹ́ sí Jámánì, ti ìka mi nínú ihò ni mo fi ṣáájú. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, mo sì ti ń dá ara mi lẹ́bi pé mo fi ẹnu ara mi lé oníbàárà lọ. Ìgbà tó máa dáhùn, ó ní òun ti mọ̀ láti fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo gbé síta pé ẹ́ńjìnnì yẹn kì í ṣe ti 1967, pé páìpù orí ẹ̀ ti sọ fún òun. Ó kàn ń wò ó bóyá mo máa sọ ni. Bàbá yìí! Ìpẹtà ló ní òun ò mọ̀, ó sì gé owó díẹ̀ sí i torí ẹ̀. Mi ò bá a jiyàn.

Ó rán ọkùnrin kan wá. Wákàtí mẹ́ta ni onítọ̀hún fi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń fi òòfà kékeré kan kọjá lára ọ̀dà, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, ó sì ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́. Ó bá mi rí ìpẹtà méjì míì tí mi ò mọ̀. A jókòó sórí fídíò, mo ka nọ́mbà àkáǹtì, bàbá náà kà á padà, ó sì wọ gíláàsì méjì léra wọn kó lè rí i kọ. Àsansílẹ̀ wọlé, ìyókù wọlé. Mo pe báńkì lẹ́ẹ̀mejì, obìnrin tó gbé fóònù lẹ́ẹ̀kejì ti mọ ohùn mi.

Akọ̀wé_Èbúté, FCA la kọ, orúkọ tiẹ̀ ni ẹjẹ́ǹtì ẹ̀ sì fi sínú ìwé ẹrù, mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó fọwọ́ sí i. Mo yọ nọ́mbà ọkọ̀, mo lọ fagi lé orúkọ wa lórí ìwé ọkọ̀ kó má di pé ẹnì kan fi ṣe nǹkan lẹ́yìn ọ̀la, mo sì tọ́jú rìsíìtì ẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e, ẹjẹ́ǹtì wo gééjì epo, ó ní ó pọ̀ jù, àfi kí a fà á kù. Bàbá mi kì í jẹ́ kí epo mọ́tò yẹn wá sí ìdajì rí, èmi náà ò sì mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn bá mi fà á, mo ní rárá. Èmi ni mo fi rọ́bà fa epo yẹn síta, ó sì ṣì wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìnkùlé.